Pápá Gọ́ọ̀fù Tó Ti Kógbá Sílé: Bí Ará Àdúgbò Ṣe Lè Mú Kí Ìjọba Rà Á

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ra ilé sí etí pápá gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, ẹ kú ìkàlẹ̀. Láti ọdún 2006 ni iye pápá tó ń kógbá sílé lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè yìí ti ju iye tí wọ́n ń ṣí lọ. Kò yani lẹ́nu. Láàárín 1986 sí 2005, pápá tó lé ní 4,000 ni wọ́n fi kún èyí tó wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé àwọn tó ń kọ́lé tà ló ṣe é, torí ilé tó bá kọjú sí koríko tútù máa ń tà ju èyí tó kọjú sí títì lọ. Ilé tà tán, pápá wá di ẹrù fún ẹni tó ni ín: owó omi, owó oògùn, owó òṣìṣẹ́, owó orí ilẹ̀. Ọjọ́ kan lẹ máa jí, géètì ti wà ní títì. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi ri pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà pé ilé tuntun ń bọ̀.

Ohun tí àdúgbò sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n tẹ pátákó tiwọn náà, kí wọ́n gún un sí iwájú ilé pé ẹ gba pápá wa là. Kò burú, ṣùgbọ́n pátákó kò ra ilẹ̀ rí. Kí ìlú tàbí káúntì tó lè ra pápá, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fẹ́ tà, iye tó fẹ́ gbà gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí òfin gbà kí ìjọba san, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ ti gbà láti máa tọ́jú ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára wọn pàdé lásìkò kan náà. Iṣẹ́ ará àdúgbò ni láti mú kí wọ́n pàdé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Pápá oníhò 18 sábà máa ń gbà tó 120 sí 180 éékà, ti oníhò 9 á tó nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Pé fèrèsé yàrá wa kọjú sí i kò sọ ọ́ di tiwa. Bí ẹ̀tọ́ kankan bá wà fún wa níbẹ̀, inú ìwé ló wà. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀ ní káúntì ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọ ibẹ̀ lọ yẹ̀wé wò. Ẹ wá ìwé ilẹ̀ tó wà lórúkọ ẹni tó ni pápá, ẹ wá àwòrán tí wọ́n fi pín àdúgbò nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, kí ẹ wò ó bóyá àdéhùn kan wà nínú wọn tó ní ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá pápá tàbí ibi ìgbafẹ́. Ẹ wo déètì. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ máa ń ní ọjọ́ tó máa parí, bí kò bá sì ní, òfin ìpínlẹ̀ lè fún un ní ọ̀kan: ní Florida, irú àdéhùn tó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ lè pa rẹ́ bí wọn kò bá tún un fi orúkọ sílẹ̀. Ohun tí ẹni tó ta ilé fún yín fẹnu sọ, pé wọn kò ní kọ́ nǹkan síbẹ̀ láé, kò sí nínú ìwé.

Park Hill ní Denver fi hàn bí agbára ìwé ṣe tó. Pápá 155 éékà ni. Ní 1997, ìlú san mílíọ̀nù 2 dọ́là fún ẹni tó ni ín, kó lè fọwọ́ sí àdéhùn ìdáàbòbò pé wọn kò ní sọ ilẹ̀ náà di ilé. Gọ́ọ̀fù dáwọ́ dúró níbẹ̀ ní 2018. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé rà á ní mílíọ̀nù 24 dọ́là, àdéhùn yẹn sì wà lórí rẹ̀. Àwọn olùgbé kó orúkọ jọ. Ní oṣù Kọkànlá 2021, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí òfin pé gbogbo ìlú ló gbọ́dọ̀ dìbò kí ẹnikẹ́ni tó lè kọ́lé sórí ilẹ̀ tó ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2023, wọ́n bi ìlú léèrè bóyá kí wọ́n tú àdéhùn 1997 náà. Ìlú ní rárá. Ilé-iṣẹ́ náà wá ní ilẹ̀ olówó iyebíye lọ́wọ́ tí kò lè kọ́lé sí. Ní oṣù Kìíní 2025 ni olórí ìlú kéde pé wọn yóò ṣe pàṣípààrọ̀: ìlú gba 155 éékà yẹn láti fi ṣe páàkì, ilé-iṣẹ́ gba nǹkan bí 145 éékà ilẹ̀ ìlú tó wà ní ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Bí kò bá sí ìwé 1997 yẹn, ilé ni ì bá wà níbẹ̀ báyìí.

Bí ẹ kò bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni òfin ìlò ilẹ̀, ìyẹn òfin tó sọ ohun tí a lè kọ́ síbi kan àti bó ṣe gbọdọ̀ pọ̀ tó. Ibi tí owó ti ń gòkè nìyí. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé kì í sábà ra pápá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń ṣe àdéhùn pé òun yóò san owó bí ìlú bá ti yí ìlò ilẹ̀ náà padà sí ti ilé. Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú bá fọwọ́ sí ìyípadà yẹn, ilẹ̀ ti di ọ̀wọ́n fún ìjọba fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìpàdé lórí ìlò ilẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìpàdé lórí rírà lọ, ìpàdé tí àwọn ènìyàn kì í sì í wá ni. Wọn a máa ní àwọn ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa jíròrò páàkì. Ìgbà yẹn ti pẹ́ jù.

Owó wá ńkọ́? Ìjọba kò lè fi ojú lásán san owó. Adíyelé tó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ sọ iye tí ilẹ̀ tó, ìyẹn iye tí ẹni tó mọ ọjà yóò san fún ohun tó dára jù lọ tí òfin àti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ gbà kí a fi í ṣe. Ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní pápá jẹ́ 140 éékà, òfin sì gba ilé méjì lórí éékà kọ̀ọ̀kan tó ṣeé kọ́lé sí. Ẹni tó ń tà á ti fọkàn ṣírò ilé 280. Ṣùgbọ́n 45 éékà wà níbi tí odò máa ń kún dé, 15 jẹ́ adágún àti àbàtà, 10 wà lábẹ́ wáyà iná ńlá àti orí páìpù ìdọ̀tí. Ó ku 70. Bí ọ̀nà, gọ́tà àti àyè tí òfin ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bá kó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ó ku bí éékà 52, ilé bí 104. Ìyàtọ̀ 280 àti 104 ni gbogbo ìjà tó wà lórí owó. Kì í sì í ṣe èèṣì pé pápá máa ń wà níbi tí omi ń gbà kọjá: ẹni tó pín àdúgbò fi ilẹ̀ gbígbẹ kọ́lé, ó fi ipa odò ṣe féwèé, ìyẹn ọ̀nà koríko gígùn tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù gbà. Ẹ tẹ àwòrán àgbàrá ti FEMA, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àjálù, jáde, ẹ gbé e lé orí àwòrán pápá, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì páàkì káúntì kí wọ́n tó gba adíyelé.

Bí owó tí ẹni tó ń tà á ń béèrè bá ṣì ju ìdíyelé lọ, ọ̀nà kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò owó orí mọ̀ dáadáa: kó ta ilẹ̀ náà ní iye tó kéré sí ohun tó tó, kó sì fi ìyókù ṣe ẹ̀bùn fún ìjọba tàbí ẹgbẹ́ aláàánú. Ó lè gba ẹ̀dínkù owó orí lórí ẹ̀bùn yẹn, bó bá ní ìdíyelé tó péye, tó sì fi Fọ́ọ̀mù 8283 kún ìwé owó orí rẹ̀. Àwọn kan á gbà, pàápàá ìdílé tó ti ni pápá láti ayébáyé. Ilé-iṣẹ́ tó ra ilẹ̀ lánàá kò ní gbà.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá kàn, níbi tí mo ti rí i pé àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ òótọ́. Lójú wa, ọgbà ni pápá gọ́ọ̀fù. Lójú ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò, ibi tí wọ́n ti ń da oògùn sí láti ogójì, àádọ́ta ọdún ni. Lórí féwèé wọ́n fi MSMA pa koríko burúkú. Ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀, ásẹ́níìkì kì í sì í jẹrà. Lórí gríìnì, ibi tí ihò wà, ní àwọn ìpínlẹ̀ olótùútù, wọ́n máa ń fọ́n oògùn tó ní mẹ́kúrì kí yìnyín tó bọ́, kí èbu má bàa jẹ koríko. Ó di àwọn ọdún 1990 kí wọ́n tó fòpin sí i. Chlordane tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ilẹ̀ wà lọ́jà títí di 1988. Inú adágún, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ lè kún fún kọ́pà látinú oògùn tí wọ́n fi ń pa ewédò. Páìpù omi àtijọ́ tó wà lábẹ́ ilẹ̀, sìmẹ́ńtì alásbestos ni òmíràn nínú wọn.

Síbẹ̀, ibi tó burú jù kì í sábà jẹ́ orí pápá. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì ni, níbi tí wọ́n ti ń po oògùn, tí wọ́n ti ń ṣan táǹkì fífọ́n, tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀rọ agékoríko, níbi tí táǹkì epo wà lábẹ́ ilẹ̀. Ibi tí kò tó ìdajì éékà yẹn lè gba owó àtúnṣe ju gbogbo éékà tó kù lọ.

Ìwádìí àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Phase I, kì í gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Wọ́n á ka ìwé, wọ́n á wo fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n yà látòfurufú, wọ́n á rìn yí ilẹ̀ ká, wọ́n á bi àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ léèrè. Ìlànà ASTM E1527-21 ni wọ́n ń tẹ̀ lé, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹni tó ra ilẹ̀ lè fi òfin CERCLA ti 1980 (òfin àpapọ̀ lórí ìfọ̀mọ́ ilẹ̀ tó ní májèlé) gba ara rẹ̀ sílẹ̀ bí májèlé tí ẹlòmíràn fi síbẹ̀ bá yọjú. Àwọn apá pàtàkì inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 180 lọ kí rírà tó parí. Ẹgbẹ́ àdúgbò máa ń fi ìtara san owó rẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́, ìdúnàádúrà á gba ọdún kan àbọ̀, ìwádìí á ti kú, wọ́n á tún san òmíràn. Ẹ dúró títí iye owó yóò fi sún mọ́ ara wọn kí ẹ tó ṣe é.

Ìwádìí kejì ló ń gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n máa gbẹ́ kí wọ́n tó dé. Bí gbogbo erùpẹ̀ bá ti àárín féwèé wá, ìdánwò lásán ni. Ó gbọ́dọ̀ kan gríìnì, ẹnu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì, ibi tí wọ́n ti ń po oògùn, àti ẹrẹ̀ adágún. Kí wọ́n mú erùpẹ̀ ínǹṣì 6 òkè sọ́tọ̀, kí wọ́n sì mú ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ bàtà 2 sọ́tọ̀. Òkè ni májèlé máa ń dúró sí. Bí wọ́n bá po òkè mọ́ ìsàlẹ̀, iye rẹ̀ á dà bíi pé kò tó nǹkan.

Àwọn kan ń bẹ̀rù àbájáde yìí pé yóò lé ìjọba lọ. Mo rò pé ọ̀dì kejì ni ó sábà jẹ́. Ní Florida, ìwọ̀n ásẹ́níìkì tí òfin gbà fún ilẹ̀ ilé gbígbé jẹ́ mílígíráàmù 2.1 nínú kílò erùpẹ̀ kan. Ti ilẹ̀ ìṣòwò jẹ́ 12. Ilẹ̀ tó ní 7 kò ṣeé kọ́lé sí láìkó erùpẹ̀ rẹ̀ kúrò tàbí bò ó, ìnáwó yẹn sì gbọ́dọ̀ jáde nínú iye tí akọ́lé lè san. Páàkì lè fi erùpẹ̀ mímọ́ bo ibi tí ọmọdé ti máa ṣeré, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún igi àti koríko gíga, bí ọ́fíìsì àyíká ìpínlẹ̀ bá fọwọ́ sí ètò náà. Ẹ rí i pé àbájáde dé ọwọ́ adíyelé kó tó kọ iye sílẹ̀.

Níbo lowó ti máa wá? Kì í wá láti ibì kan ṣoṣo. Land and Water Conservation Fund, owó ìjọba àpapọ̀ fún ilẹ̀ ìgbafẹ́, wà láti 1965, òfin 2020 sì ya mílíọ̀nù 900 dọ́là sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún. Apá tó ń gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ wá sí ìlú kì í san ju ìdajì lọ. Ìlú ló máa wá ìdajì kejì. Ẹ ṣọ́ra níbí: owó yẹn kì í san gbèsè ohun tí wọ́n ti rà tẹ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ bọ́, tí ìlú sì ní láti yára rà á, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè fún ìwé ìyọ̀ǹda tó máa jẹ́ kí ìnáwó náà ṣì yẹ fún ìrànwọ́. Wọ́n máa ń gbàgbé èyí, mílíọ̀nù dọ́là sì ti bá a lọ. Ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n bá fi owó yìí rà gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi ìgbafẹ́ gbogbo ènìyàn títí láé. Bí ìlú bá fẹ́ fi ṣe nǹkan mìíràn lọ́la, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ tó tó o rọ́pò rẹ̀.

Owó àgbàrá jẹ́ orísun tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Ní Clear Lake, ní ẹ̀gbẹ́ Houston, pápá tó kógbá sílé ní 2005 ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó omi àdúgbò, kì í ṣe ọ́fíìsì páàkì, gbà ní 2011. Nǹkan bí 200 éékà ni, wọ́n sì gbẹ́ adágún márùn-ún sínú rẹ̀ tó lè gba nǹkan bí mílíọ̀nù 500 gálọ́ọ̀nù àgbàrá. Exploration Green ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ìjì Harvey dé ní oṣù Kẹjọ 2017, adágún àkọ́kọ́ kò tíì parí tán, síbẹ̀ ó gba omi púpọ̀ tí ì bá wọlé àwọn ènìyàn. Bí òjò bá máa ń wọ ilé ní àdúgbò yín, ẹ bá ọ́fíìsì omi sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá ti páàkì sọ̀rọ̀. Owó wọn sábà máa ń pọ̀ ju ti páàkì lọ.

Orísun mìíràn ni kí àdúgbò fi owó orí àkànṣe dá a. Ká ní wọ́n yá mílíọ̀nù 3 dọ́là fún ogún ọdún, èlé ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ilé 1,200 ló sì máa san án. Ó ń lọ sí nǹkan bí 221,000 dọ́là lọ́dún, ìyẹn bí 184 dọ́là lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi iye yẹn síwájú ènìyàn bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tó gbà. Ìgbìmọ̀ ìlú máa ń tẹ́tí sí ẹni tó ní òun náà á san.

Ìjọba kì í yára, ẹni tó ń tà kì í dúró. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ bíi Trust for Public Land àti The Conservation Fund fi wúlò: wọ́n lè fi owó díẹ̀ di ilẹ̀ mú fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí wọ́n rà á, kí wọ́n sì dá a padà fún ìjọba nígbà tí owó bá pé. Ní Lyndhurst, Ohio, ní 2012, The Conservation Fund ra pápá Acacia, 155 éékà, wọ́n sì fà á lé Cleveland Metroparks lọ́wọ́, tí wọ́n sọ ọ́ di ilẹ̀ igi àti odò.

Kì í sábà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní Marin County, California, Trust for Public Land ra pápá San Geronimo ní 2018 ní mílíọ̀nù 8.85 dọ́là, èrò wọn sì ni pé káúntì á rà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó fẹ́ kí gọ́ọ̀fù máa lọ gbé káúntì lọ sí kóòtù. Kóòtù ní káúntì kò ṣe àyẹ̀wò àyíká tí òfin ìpínlẹ̀ béèrè kó tó pinnu láti rà á. Rírà náà forí ṣánpọ́n. Ní oṣù Kẹta 2020, ọ̀rọ̀ dé ibi ìdìbò, àwọn agbágọ́ọ̀fù fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n àdúgbò ti pín sí méjì. Kí ẹ tó lọ bá ìjọba, ẹ jókòó, kí ẹ fẹnu kò lórí ohun kan: ṣé gọ́ọ̀fù lẹ fẹ́ dá padà ni, àbí páàkì? Pápá tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ aládàáni kì í sábà bọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìlú.

Ìtọ́jú ni ọ́fíìsì páàkì máa kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn pé kò sówó. Ẹ má sọ pé kí wọ́n máa gé gbogbo rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ dábàá pé kí wọ́n gé éékà 10 tàbí 15, kí wọ́n jẹ́ kí ìyókù di igbó koríko tí wọ́n á máa gé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ gọ́ọ̀fù ń gbà sábà máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8. Ó tó fún ìrìn, ṣùgbọ́n ìlànà ọ̀nà àjọlò ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ń fẹ́ 10, ibi gíga rẹ̀ sì lè le jù fún ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Kí ẹ ṣírò àtúnṣe yẹn sínú owó. Ilé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù, ẹ má fi ìfẹ́ ṣe é: òrùlé tó ń jò àti iná tí wọ́n ti gé máa ń sọ ọ́ di gbèsè láàárín òtútù kan, nígbà tí páìpù bá bẹ́. Kí wọ́n wó o bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí àwọn onílé nínú, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí owó gbogbo ìlú bá ra ilẹ̀ náà, gbogbo ìlú ló ni ín. Àwọn tó ń pín owó ìrànwọ́ máa ń wo iye ènìyàn tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé. Àdúgbò tó bá fẹ́ páàkì tí kò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí kò ní ẹnu ọ̀nà láti òpópó, ọgbà ẹ̀yìn ilé lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń wá, àwọn ìgbìmọ̀ sì mọ̀. Lọ́jọ́ ìpàdé, tí wọ́n bá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹni tó ń gbé ilé alájà púpọ̀ lódìkejì títì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí olùkọ́ ilé ìwé tó wà nítòsí tẹ̀ lé e. Ẹ má mẹ́nu kan iye tí ilé yín tó.

Kí ìwé rírà tó parí, awọnlẹ̀ á dé láti wọn ààlà. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí i pé ọgbà, pátíò, ibi tí wọ́n ti ń sun ẹran àti ṣẹ́ẹ̀dì ti wọ orí pápá ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, mẹ́wàá, lẹ́yìn ilé bíi mélòó kan, ti àwọn aṣáájú àdúgbò tó ń jà fún páàkì náà kì í sì í gbẹ́yìn. Agbẹjọ́rò ìlú kò ní fẹ́ fọwọ́ sí ilẹ̀ tí ìjà ààlà wà lórí rẹ̀, ẹjọ́ kan ṣoṣo sì lè sún ọjọ́ rírà kọjá ọjọ́ 180 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ pé tòun ti wọ ibẹ̀, kó tú u kí awọnlẹ̀ tó dé.